Bébà Tó Padà Wálé Lófìfo

Afẹ́fẹ́ kì í yọ nǹkan lára bébà. Ó máa ń kó nǹkan lé e lórí ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì rí bébà tó mu afẹ́fẹ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì fún odindi ọjọ́ kan, kó tún wá fúyẹ́ ju bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi lọ. Àmọ́ ohun tí ìwọ̀n sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn nìyẹn. Mo nu ìwọ̀n náà, mo ti fèrèsé, mo di èémí mi mú, mo tún un wọ̀n. Ó ṣì fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni ilé iṣẹ́ gbé káàkiri àdúgbò, àwọn ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà kọjá. Eruku á há sára bébà. Èmi ni mo máa ń wọ̀n ọ́n kó tó lọ, màá tún wọ̀n ọ́n tó bá dé. Ohun tó bá fi lé ni eruku tí àwọn ará àdúgbò ń fà símú. Ẹ̀mú kékeré la fi ń gbé e, torí òógùn ìka lásán tó láti ba èsì jẹ́. Ìyá Onígíráàmù ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, nítorí mo lè bá èèyàn jà lórí ohun tí kò tó ìyẹ́ adìẹ. Mi ò bínú sí orúkọ náà. Ẹni tí kò bá lè jà lórí gíráàmù, kó lọ máa wọn yanrìn.

Ẹ̀rọ kẹrin wà lórí òrùlé ilé màmá mi. Òpópónà tiwọn ló sún mọ́ ọ̀pá èéfín jù, ilé tiwọn nìkan ló sì ní òrùlé pẹrẹsẹ tó ṣe é gbé ẹ̀rọ lé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wá bẹ̀ wọ́n, kíá ni wọ́n gbà, wọn ò tilẹ̀ béèrè ohun tó máa kàn wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà, torí ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ni bàbá mi kú sí.

Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Kò-sí-wàhálà nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní fún gbogbo ọ̀rọ̀, wo nọ́ńbà mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ òdo síbẹ̀. Ó ní àbí mi ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ mọ́ ládùúgbò ìyá mi ni. Inú bí mi gan-an. Mo mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú. Obìnrin tí ìjọba fi ṣe olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i. Àwọn àpò tó ń sẹ́ eruku nídìí ọ̀pá èéfín ti ya. Bí èsì ẹ̀rọ kẹrin bá kọjá òdiwọ̀n, dandan ni kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn; bí kò bá kọjá, wọ́n á máa lo àkísà yẹn fún ọdún méjì mìíràn. Dókítà sì ti sọ fún mi pé àyà màmá mi ò lè gba ọdún méjì eruku mọ́. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín pé mi ò ní tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ kí bébà yẹn wúwo.

Mo tú àwọn èsì àtẹ̀yìnwá. Ọdún mẹ́ta gbáko, ẹ̀rọ kẹrin ò fi bẹ́ẹ̀ rí eruku, èmi fúnra mi ni mo sì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e fò wọ́n dá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pààrọ̀ ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ bébà. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́rú, ó funfun ju bébà tí mo fi pa mọ́ sínú àpótí lọ.

Mo wá lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní òpópónà yẹn, eruku ti sọ gbogbo ewé di aláwọ̀ eérú. Ó wà lórí ọkọ̀, lára aṣọ tí wọ́n sá, ní ìpéǹpéjú àwọn tó ń kí mi. Mo ṣí géètì màmá mi, eruku sì dúró síta. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ìka fa etí fèrèsé, ìka mi mọ́. Mo fà á lórí àga, lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn àwòrán bàbá mi, lórí ewé òdòdó inú ìkòkò. Kò sí nǹkan kan. Ilé tó wà lábẹ́ ọ̀pá èéfín mọ́ ju yàrá tí mo ti ń wọn bébà lọ. Ara mi bù máṣọ, lọ́sàn-án gangan.

Màmá mi jókòó, wọ́n ń wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù, wọ́n ń wo ìka mi. Wọ́n bi mí ohun tí mò ń wá. Mo ní eruku ni.

"O ò ní rí i níbí," wọ́n sọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó fi nǹkan pa mọ́ fọ́mọ. Wọ́n wá béèrè bóyá mo ti jẹun. Ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi wà ní títì, bó ṣe wà láti ìgbà tí a ti sin wọ́n. Ọ̀fọ̀ ni mo pè é, mi ò sì kanlẹ̀kùn rí.

Bébà ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàsọ̀ kí n tó mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí: ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Kò yẹ kó dákẹ́. Mo gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí ojú mi fi yọ sókè.

Màmá mi kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. Wọ́n ti tú orí rẹ̀, wọ́n gbé àwo funfun kan sábẹ́ bébà, búrọ́ọ̀ṣì tí bàbá mi fi ń pa ọṣẹ sí àgbọ̀n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fárùngbọ̀n sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń gbá bébà náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sùn, débi pé fọ́nrán bébà fúnra rẹ̀ ń bá eruku lọ. Wọ́n sì ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ rọra. Ẹ rọra máa bọ̀. Ẹ ti délé."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹnì kankan. Mo pè wọ́n. Wọn ò ta gìrì. Ńṣe ni wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwo náà kí afẹ́fẹ́ má gbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n dá bébà padà sí àyè rẹ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n wá ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n wá kí bàbá mi.

Wọ́n ṣí yàrá náà. Garawa onídèérí mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tò wọ́n láti ibi ìrọ̀rí dé ibi ẹsẹ̀, wọ́n da aṣọ ìbora bò wọ́n, akoto iṣẹ́ bàbá mi sì wà lókè. Ẹni tó bá yọjú láti ẹnu ọ̀nà á rò pé ọkùnrin kan ló sùn síbẹ̀. Màmá mi ṣí dèérí kan, wọ́n da inú àwo náà sí i, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Gbogbo eruku tó wọ ilé yẹn látọjọ́ yìí, tí wọ́n ń gbá ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló wà.

Iṣẹ́ iléru ni bàbá mi ṣe. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n wọ inú ọ̀nà ooru lọ tú ibi tó dí, ohun gbígbóná tó há sókè sì ya lù wọ́n, ó gbá wọn lọ sínú iná. Ilé iṣẹ́ gbé pósí tí wọ́n ti kàn pa fún wa, wọ́n ní ká má ṣí i. A ò ṣí i, a sin ín.

"Mo bá wọn gbé pósí yẹn," màmá mi sọ. "Ọkọ tí mo gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, ṣé mi ò mọ bí wọ́n ṣe wúwo ni? Pósí lásán la sin. Ọ̀pá èéfín yẹn ni bàbá ẹ gbà jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wálé, ìwọ wá ń fi ẹ̀mú gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì."

Mo ṣàlàyé. Mo ní òkúta àti amọ̀ tí wọ́n sun ni, pé ohun tó bá ti ara bàbá mi jáde ti bá èéfín ọjọ́ kìíní lọ. Mo ní eruku yẹn ló ń pa wọ́n, pé nítorí búrọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo òpópónà ń mí eruku tí ìwé sọ pé kò sí. Wọ́n gbọ́ mi tán pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n wá mú káàdì klíníìkì bàbá mi jáde: kílò méjìdínláàádọ́rin.

"Ó ku kílò méje," ni wọ́n sọ. "Tó bá ti pé, màá sin wọ́n bó ṣe yẹ. Màá fi ẹ̀rọ ẹ sílẹ̀, màá sì tẹ̀lé ẹ kúrò níbí."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ méjì, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sídìí àwọn àpò asẹ́, mo bu eruku sínú báàgì, mo wọ̀n ọ́n: kílò méje géérégé. Èmi Ìyá Onígíráàmù, mo fẹ́ fi odindi kílò méje parọ́ fún ìyá tó bí mi. Mo gbé e lọ bá wọn nílé, mo sọ fún wọn pé inú àwọn bébà àtijọ́ ni a ti gbọ̀n ọ́n, pé a tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ojú mi ò ṣẹ́.

Mo rò pé wọ́n á dúpẹ́. Ńṣe ni ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní kí n ṣì gbé e sí ẹnu ọ̀nà ná, pé kò sí ohun tó ń lé wa. Mo ti gbé ìwọ̀n ńlá dání láti ibi iṣẹ́, mo sì ní ká parí ẹ̀ lónìí. Mo gbé garawa kọ̀ọ̀kan lé e. Màmá mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo yọ ìwúwo garawa kúrò, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo tún un rò.

Kílò mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni. Báàgì mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tíì tú u.

Mo wo akoto yẹn àti aṣọ ìbora yẹn. "Màmá, eléyìí ju èèyàn kan lọ. Ta ni ìyókù?"

Wọn ò yí ojú kúrò lára ògiri. "Ó ti pé láti ọdún tó kọjá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò dáwọ́ dúró?"

"Tí mo bá dáwọ́ dúró, wọ́n ti kú nìyẹn."

Ẹkún gbé mi. Mi ò sunkún bàbá mi rí títí di ọjọ́ yẹn. Bébà ni mò ń wọ̀n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn garawa, mo di ẹsẹ̀ màmá mi mú, mo sì gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń súfèé. Mo ní, "Tí ẹ̀yin náà bá lọ, inú garawa wo ni kí n ti máa wá yín?"

Wọn ò gun òrùlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bébà tí mo sì gbé kúrò níbẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó kọjá òdiwọ̀n ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo gbé e síwájú obìnrin ìjọba náà nígbà tó dé, mo sì kọ̀wé pé èsì ọdún mẹ́ta tí mo fọwọ́ sí kì í ṣe òótọ́. Kò-sí-wàhálà rí wàhálà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé ìwé ìkìlọ̀ fún mi, mo gbà á, ó tọ́ sí mi. Wọ́n pààrọ̀ àwọn àpò náà kí oṣù tó parí.

A sin garawa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí ibojì bàbá mi. Màmá mi kò sunkún. Wọ́n ní àwọn á tẹ̀lé mi lọ, àmọ́ kí n jẹ́ kí àwọn sun ọ̀sẹ̀ kan sí i nínú ilé náà.

Ọ̀pá èéfín ti mọ́ nígbà náà, èèyàn lè rí ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gun òrùlé, mo tú ẹ̀rọ, bébà náà sì funfun. Òótọ́ ni funfun yìí, kò sẹ́ni tó gbá a. Inú mi dùn débi pé mi ò gbé e sínú páálí rẹ̀, mo sáré gbé e lọ bá màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ní kí wọ́n wò ó.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n yẹ iwájú rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

"Wọn ò wálé lánàá," ni wọ́n sọ.