Alárinà Inú Mọ́tò

Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí tọkọtaya yìí ti ń bára wọn yodì. Ọmọ wọn ló ń jíṣẹ́: sọ fún bàbá ẹ, sọ fún màmá ẹ. Àgbàlagbà méjì. Láàárọ̀ yìí, wọ́n já ọmọ sílẹ̀ níléèwé. Ó ku àwọn àti mọ́tò tuntun ìyàwó, tó máa ń gbọ́ àṣẹ tí wọ́n bá fẹnu pa fún un.

“Mọ́tò, ṣí fèrèsé ẹni tó ń wà ẹ́. Òógùn ti bò ó,” ni ìyàwó wí.

Fèrèsé ṣí.

Ọkọ tẹjú mọ́ títì. Ó ní, “Mọ́tò, bá mi bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

Mọ́tò ò fọhùn.

“Ohùn tèmi nìkan ló mọ̀,” ni ìyàwó wí. “Ẹ páàkì, kẹ́ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.”