Imú Tí Wọ́n Rà fún Ilé

Láti ọjọ́ tí rédíò ti pe orúkọ ọkọ rẹ̀ ni Adébùnmí Owólabí kò ti fọkàn tán ẹ̀rọ kankan mọ́. Ẹ̀bà ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ náà, ní àsìkò tí ìjọba ológun ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé adìyẹ lórí àgbàdo. Ẹni tó ń ka ìròyìn kà á débi Adébánjí Owólabí, kò dánu dúró, ó gba orí ẹlòmíràn lọ. Adébánjí fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dìde nídìí oúnjẹ. Wọ́n ní ẹnìkan ló lọ sọ pé ó bú àwọn ológun ní ọ́fíìsì. Ta ni ẹni náà? Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Orí ìyàwó ni gbogbo ẹrù wá já lé. Nígbà tí àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún ńlá ní Festac ti jó tán tí wọ́n ti lọ, tí ìjọba wá ń pín àwọn ilé náà fún òṣìṣẹ́, orúkọ Adébùnmí jáde. Iṣẹ́ táípù tó ń ṣe ló so òun, ọkọ àti ọmọ mẹ́ta mọ́ fúláàtì náà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé náà bọ́ nìyẹn. Ohun tó ń bá a sùn, tó ń bá a jí, kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ ò wá ní í bá a wí pé àyà rẹ̀ já lọ́jọ́ tí Múrítàlá, ọmọ oníṣẹ́ iná, gbé àkàbà wọ yàrá iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ọ́fíìsì wọn, ní ìpẹ̀kun Festac, ní ìhà tó kọjú sí Amúwò. Ìsàlẹ̀ ni Adébùnmí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Rosaline jókòó sí, àwọn méjèèjì kọjú síra wọn nídìí táípù. Òkè orí wọn gan-an ni yàrá ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀. Ẹ̀rọ èésì ńlá kan wà ní yàrá kékeré tó fara ti tiwọn, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn tútù gba inú ọ̀nà páànù kan tó la òkè àjà wọn kọjá, tó sì gòkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ojú ihò kan tí wọ́n fi irin wínníwínní bò ni atẹ́gùn ń gbà jáde sórí àwọn obìnrin méjèèjì.

Inú ọ̀nà páànù yẹn ni Múrítàlá wá lu ihò sí. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọmọ onílẹ̀ Amúwò, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí ìjọba tó gba ilẹ̀, oko àgbọn bàbá bàbá rẹ̀ ló wà níbi tí wọ́n kọ́ ilé náà sí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an, Àǹtí," ló wí fún Adébùnmí, "àgbọn ibẹ̀ ló dùn jù."

Ó ki irin gbọọrọ kan bọ inú ọ̀nà atẹ́gùn náà, irin tó ní ihò lára bíi fèrè. Ó so ìdí rẹ̀ mọ́ àpótí kékeré kan, iná pupa tíńtín kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára àpótí náà.

"Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?" Adébùnmí bi í.

"Imú ni, Àǹtí. Ìjọba ti ra imú fún ilé yín. Tí èéfín bá gba inú páànù yìí kọjá pẹ́nrẹ́n, á gbóòórùn ẹ̀, á pa èésì, á sì lu agogo kí gbogbo yín lè sá jáde."

Ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́.

Bó ti jáde báyìí, Adébùnmí na ọrùn sí Rosaline. "Imú tèmi, ihò méjì ló ní. Kí ni imú ń fi gbogbo ihò yẹn ṣe?"

"Bùnmí, èéfín ni wọ́n ní ó wà fún."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé òun náà kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wí i?"

"Ehn-ehn. Àbí o fẹ́ kó sọ fún wa pé etí ni?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Múrítàlá dáná sun àkísà díẹ̀ láti dán nǹkan náà wò. Èésì kú, agogo ké gooro, gbogbo ọ́fíìsì sá dé ìta, títí kan ọ̀gá Ògúndípẹ̀ tí èkuru ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbà báyìí pé imú ni. Adébùnmí kò gbà. Ohun tó ní imú, kí ló ní kó má ní etí? Bẹ́ẹ̀ ló ń rò ó bó ṣe ń padà wọlé, ó sì yí àga rẹ̀ kúrò ní abẹ́ iná pupa náà.

Kò pẹ́ sí i ni Nẹ́pà mú iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí èésì bá ti dákẹ́ báyìí, àwọn obìnrin méjèèjì máa ń lọ dúró sábẹ́ ojú ihò náà láti jẹ ìwọ̀nba òtútù tó kù nínú páànù. Ibẹ̀ ni ahọ́n ti yọ̀ lẹ́nu Adébùnmí.

"O gbọ́ pé ọ̀gá ti fún àbúrò ìyàwó ẹ̀ ní fúláàtì? Ẹni tó ń ta bàtà ní Mazamaza! Òṣìṣẹ́ ìjọba wo nìyẹn?"

Rosaline fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá Ògúndípẹ̀ yà sí yàrá wọn, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì Adébùnmí. "Mísíìsì Owólabí, àbúrò ìyàwó mi ní kí n kí yín o. Ó ní bàtà tó bá yín lẹ́sẹ̀ mu wà ní Mazamaza."

Eyín rẹ̀ funfun síta, ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó bá tirẹ̀ lọ. Adébùnmí yíjú wo iná pupa náà.

Nílé, ó sọ ọ́ fún Adébánjí níbi tó jókòó sí lójú bálíkónì, níbi tó ti sọ di ọ́fíìsì tuntun rẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí títí. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá kí ọ tẹ̀ríntẹ̀rín ni kó o ti máa palẹ̀ mọ́. Bùnmí, kí lo fẹnu ẹ sọ?"

Ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun ọ̀sán, Adébùnmí gun orí tábìlì. Ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì tú ìdè irin tó bo ojú ihò, ó nawọ́ kan fèrè burúkú náà. Ohun tí yóò fi dí i ni kò rí. Ó wo àpò rẹ̀, ó sì bá ìnujú kan níbẹ̀, ìnujú funfun tí Rosaline fi fún un nígbà tó bí àbíkẹ́yìn. Rosaline fúnra rẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ kọ ẹyẹ aláwọ̀ búlúù sí igun rẹ̀, iṣẹ́ tó kọ́ lọ́wọ́ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní ilé ìwé. Adébùnmí fi ìnujú náà wé irin oníhò náà yíká, ó so ó le. Ó da ojú ihò padà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Àṣé kò tí ì rí nǹkan. Nígbà tí Nẹ́pà tún mú iná lọ, òun àti Rosaline tún lọ dúró sábẹ́ ihò náà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là. Ó ní ìgbéraga ọ̀gá wọn pọ̀ jù, ó ní ńṣe ló ń rìn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló bí Festac. Rosaline rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ọ̀gá tún yà. "Mísíìsì Owólabí, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ò bí Festac o. Èmi nìkan ló bí." Ó rọra gbá tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ má gbàgbé pé èmi ni mò ń jábọ̀ iṣẹ́ yín fún àwọn ará òkè."

Ẹ bá mi rò ó wò. Ó ti dí ẹ̀rọ. Etí kan ṣoṣo ló tún kù nínú yàrá náà, etí ọ̀hún sì ní yẹtí nínú. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Adébùnmí gbójú sókè wo ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀, ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà nínú bébà kan náà, ó sì kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Rosaline, kí ni ọ̀gá ṣèlérí fún ọ?"

"Lórí kí ni?"

"Lórí ẹ̀mí èmi àtàwọn ọmọ mi tí ò ń tà! Àwa méjì la wà níbí. Ta ló sọ fún un?"

"Bùnmí, èmi?"

"Bí kì í bá ṣe ìwọ, dárúkọ ẹlòmíràn."

Kò sí ẹlòmíràn tí Rosaline lè dárúkọ. Ó ń sunkún bó ṣe ń kó tìmùtìmù rẹ̀ kúrò lórí àga. Akọ̀wé ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sí ní ibi iṣẹ́, Rosaline sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ dípò rẹ̀ lókè. Adébùnmí pàtẹ́wọ́. Ẹ ò rí i bí? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún ló sá lọ! Ó rántí ìnujú tó wà nínú páànù, ó ní kó máa jìyà níbẹ̀ bó ṣe yẹ kí ẹni tó kọ ẹyẹ sí i jìyà.

Oṣù kan kọjá báyìí, wọn kò kí ara wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, èésì ké igbe kan bí ẹlẹ́dẹ̀, ó sì kú. Adébùnmí rò pé Nẹ́pà ni, ṣùgbọ́n gílóòbù òkè orí rẹ̀ ṣì ń tàn níbi tó ti ń tẹ̀wé. Gbogbo yàrá wá dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà náà ni ẹnìkan wúkọ́ lókè orí rẹ̀.

"Rosaline, ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn." Ohùn ọ̀gá Ògúndípẹ̀ ni, ó dún ketekete bí ẹni pé inú àjà ló jókòó sí.

"Sà, ojú ń ta mí o. Nǹkan ń jó níbì kan." Ohùn Rosaline nìyẹn.

Adébùnmí gbójú sókè wo ojú ihò náà. Ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ lórí táípù. Páànù lásán! Páànù tó ń gbé atẹ́gùn gòkè ló ń gbé ọ̀rọ̀ gòkè. Ìgbàkigbà tí èésì bá ti dákẹ́, ọ̀gá kàn ń jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga rẹ̀, ó ń jẹ ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Rosaline kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni rí.

Òórùn rọ́bà tó ń jó wá kàn án nímú. Èéfín ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá èésì. Agogo kò dún. Báwo ni yóò ṣe dún? Ó ti fi aṣọ wé imú ilé.

Ó fò gun orí tábìlì, ó fi ẹnu sí ojú ihò náà, ó sì fi gbogbo agbára ké sínú páànù tó ti ń sá fún. "Rosa! Iná o! Ẹ jáde! Ẹ má gba iwájú, ẹ gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn!"

"Bùnmí? Níbo lo wà?"

"Ìsàlẹ̀! Jáde, mo ní kó o jáde!"

Gbogbo wọn jáde. Rosaline ló kẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí ata pá lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ da yanrìn lé iná lórí kí àwọn panápaná tó dé, yàrá èésì nìkan ló sì jó tán.

Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níta, ọ̀gá Ògúndípẹ̀ ní àfi kí wọ́n wá Múrítàlá wá. Ilé kejì ni wọ́n ti bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́pàá méjì tó bá àwọn panápaná dé ní kó wọlé lọ wo ohun tó ṣe, nígbà tó sì jáde, ìnujú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi igun kan.

"Ẹnì kan ló dí i, sà."

"Ìwọ ni!" Ọ̀gá nàka sí i. "Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, inú ti ń bí yín láti ọjọ́ tí ìjọba ti gba oko àgbọn yín! Ṣé kí gbogbo wa jóná lo fẹ́?"

Ọlọ́pàá kan ti gbá aṣọ ọrùn Múrítàlá mú.

"Ẹ dúró ná." Ọlọ́pàá kejì gba ìnujú náà, ó nà án sí Rosaline. "Ìnujú obìnrin rèé, wọ́n sì ní ìsàlẹ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ta ló ni ín?"

Rosaline gbà á. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí igun tó mọ́ díẹ̀ yẹn, sórí ẹyẹ búlúù kan tí òun tìkára rẹ̀ tú ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gún régé. Ó wò ó pẹ́. Kò wo ọ̀dọ̀ Adébùnmí rárá.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà."

Ìtìjú tó bo Adébùnmí lọ́jọ́ náà, bí ilẹ̀ bá lanu, inú rẹ̀ ni ì bá kó sí. Ẹni tó pè ní afinihàn ló ń parọ́ níwájú ọlọ́pàá nítorí tirẹ̀. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ kò ní í bọ́, fúláàtì kò ní í bọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wọ́ Múrítàlá lọ sídìí ọkọ̀, ó sì rántí pé àwọn tó mọ òótọ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n purọ́ mọ́ ọkọ òun, tí gbogbo wọn dákẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. "Èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo dí i."

Ọ̀gá yíjú sí i. "Mísíìsì Owólabí! Kí ló dé?"

"Mo rò pé etí ni, sà." Ó nawọ́ sí fèrèsé òkè. "Etí sì wà nínú ilé náà lóòótọ́. Àṣé òkè ló jókòó sí."

Ọ̀gá Ògúndípẹ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo ewé fúrúùtù nílẹ̀. Ọlọ́pàá tú aṣọ ọrùn Múrítàlá sílẹ̀.

"Àǹtí," Múrítàlá wí jẹ́ẹ́, "mo ṣá sọ fún yín pé imú ni."

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti dá Adébùnmí dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kó kó ẹrù kúrò ní fúláàtì. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Rosaline ló dúró síbẹ̀, okùn àti páálí òfìfo wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò dárúkọ ìnujú, kò dárúkọ iná. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Adébánjí, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Bùnmí," ó ní, "yàrá wo la fẹ́ kọ́kọ́ dì?"