Ara Mi Ni Kẹ́misọ́lá Fi Ń Kàwé

Ara èmi Oyèwọlé ni ọmọ mi Kẹ́misọ́lá fi ń kàwé, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá àti ara ènìyàn ló ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gbogbo eegun àti ẹran ara, àti iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bó bá ti gba ìsinmi wá sí Ìlá, màá bọ́ ẹ̀wù, màá jókòó sẹ́yìn ilé, òun á máa fi bíírò kọ orúkọ Látììnì sí mi lára. Àwọn ará àdúgbò ní mo ti di pátákó ìkọ̀wé. Mo ní owú ló ń jẹ wọ́n. Ẹní bíni là á jọ: títí mo fi fẹ̀yìn tì, olùkọ́ eré ìdárayá ni èmi náà, kò sì sí ọmọ tó sá eré ìje láti Ìlá dé Ọ̀rà tí kò gbọ́ fèrè mi rí.

Ní ìsinmi Àjíǹde, a tún jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó ń dárúkọ, ó ń kọ. Nígbà tó dé apá ọ̀tún, ó gbé bíírò kúrò lára mi. Ẹran apá náà ń jó fúnra rẹ̀ lábẹ́ awọ.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń jó láti ìgbà ọyẹ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí apá ọ̀tún ẹni bá ń jó, ohun ayọ̀ ń bọ̀. Bóyá àna mi ló ti wà lọ́nà."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ mi, ó ń fìka wá ẹran tó yẹ kó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Kòtò ló bá níbẹ̀. Ó yẹ ọwọ́ òsì wò, tòsì kún dáadáa.

"Dádì, ìgbà wo lẹ ti rí èyí?"

"Ogbó ni."

"Ogbó kì í mú ọwọ́ kan kó fi èkejì sílẹ̀." Ó dé bíírò rẹ̀.

A lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Dókítà fi abẹ́rẹ́ wá apá mi títí, ó wá ní okùn tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ dé ibi ẹran ara ló ń kú. Ó ní àìsàn náà yóò gun apá, yóò dé ẹsẹ̀, yóò dé ọ̀fun, yóò sì dé ibi èémí. Kò sí oògùn tó lè dá a dúró. Mo wo Kẹ́misọ́lá, kò yà á lẹ́nu. Nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń padà sílé, ló ti sọ fún mi pé wọ́n bi òun ní ìbéèrè lórí àìsàn náà nínú ìdánwò, òun sì dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jalè.

Ó padà sílé ìwé. Èmi ò sunkún. Èmi tí mo ti lé ọ̀lẹ kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ọwọ́ ara mi ló máa wá ṣe ọ̀lẹ lójú mi? Mo ra bọ́ọ̀lù kékeré kan, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún un pọ̀ ní ìdájí. Mo ń dojú bolẹ̀ lẹ́yìn táǹkì omi, mo ń fi apá ti ara mi sókè. Ara tí a kò bá lò ló ń kú: ohun tí mo fi kọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Bí mo ṣe ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà ń burú sí i. Kò lè yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Bí ọmọ mi bá pè, mo máa ń ní ó ti sàn díẹ̀.

Nígbà tó tún gba ìsinmi wálé, àṣírí tú. Ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ káńsù ní Ọ̀tan Ayégbajú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kẹ́misọ́lá bá mi lẹ́yìn táǹkì, mo dojú bolẹ̀, mi ò lè dìde. Ó gbé mi jókòó, òun náà jókòó sínú erùpẹ̀ níwájú mi.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́."

"Kí n wá káwọ́ gbera?"

"Ẹran tí àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, bí ẹ bá ń fipá lò ó, kò ní lágbára, yóò kàn máa rẹ̀ ẹ́ ni. Màá máa bá yín nà án díẹ̀díẹ̀ kó má baà gan. Agbára tó kù, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ fún ṣíbí àti bọ́tìnnì."

Inú bí mi. Mo ní, "Eré ìdárayá lò ń kà ní yunifásítì, ìwọ náà ló tún ní kí n má ṣe eré ìdárayá. Kí wá ni ìwúlò ìwé ọ̀hún?"

Ẹyin lohùn. Ojú rẹ̀ ni mo ti rí i bó ṣe fọ́.

"Mi ò mọ̀, Dádì. Mo ti wá a nínú gbogbo ìwé wa. Mo bi àwọn lẹ́kíṣọ́rà. Mi ò mọ̀."

Ó bú sẹ́kún. Ojú tì mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí ju ti ara mi lọ. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún kí n fi nu ojú rẹ̀. Ó dé àyà mi, kò lọ mọ́. Mo tún gbìyànjú, ibẹ̀ náà ló tún dúró sí.

Kẹ́misọ́lá rí i. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ wá bá ọwọ́ náà níbi tó dúró sí.