Òórùn Ilé Àgbá Capdevert

Ọjọ́ tí Maylis padà dé láti Lyon kó lè máa bá bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wáìnì, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àgbá tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì sí. Òórùn ìwé tí òjò pa ni, tí ẹnì kan wá kó sínú àpótí láì sá a. Ó dúró gbagidi. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá wo Odet bàbá rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ níwájú, tó ń fọwọ́ kan àwọn àgbá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ẹbí. Kò jọ pé bàbá ń gbóòórùn nǹkan kan.

Ká ní ó la ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, ọ̀pọ̀ wàhálà ì bá ti fò ó dá. Ṣùgbọ́n inú bàbá ń dùn, ìyẹn ló sì kó bá a. Odet Capdevert kì í rẹ́rìn-ín, àfi tí yìnyín bá já sórí ọgbà àjàrà ẹlòmíràn tó fo tirẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, àtàárọ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ti gbà pé iṣẹ́ náà máa bá òun wọ sàréè, àfi bí ọmọ kan ṣoṣo tó bí ṣe gbé ẹrù rẹ̀ dé. Ó bu wáìnì fún un látinú àgbá tó wà nítòsí. Òórùn yẹn wà nínú wáìnì náà. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Maylis gbé e mì, ó ní, "Ó dáa, Pàpá." Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la òun máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀la bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ó kọ́kọ́ ní kóun mọ ibi tí òórùn ti ń wá ná. Ó fura sí àwọn igi àjà, àwọn igi ńlá dúdú tí bàbá tó bí Odet gbé sókè, tó sì fi oògùn kòkòrò kùn káàkiri nígbà tí Odet wà lọ́mọdé; irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń rùn tí ọ̀rinrin bá mú un, òórùn rẹ̀ sì máa ń wọ inú wáìnì. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí bàbá sinmi díẹ̀, nítorí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ni. Nígbà tó yá, ó wọ ilé àgbá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì gbóòórùn nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe igi, òkúta àti wáìnì. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní bóyá ọ̀rinrin ìgbà òtútù ni, ó ti gbẹ. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òórùn ló lọ ni, tàbí imú òun ló ti sùn.

Imú tó ti sùn yẹn ni wọ́n fi ṣe àdàpọ̀ wáìnì ọdún náà. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n to ìgò tí wọ́n bù látinú àgbá kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, oríṣi àjàrà mẹ́ta: Merlot ìsàlẹ̀ òkè, Cabernet tó hù lórí ilẹ̀ olókùúta, àti Malbec ẹ̀bá ilé ìjọsìn, tí kò tó nǹkan. Odet ń wọn ọ́n, ó ń pò ó. Maylis ń tọ́ ọ wò, ó ń tu ú sínú garawa.

"Ẹ bu Malbec kún un díẹ̀ sí i, Pàpá."

"Malbec! Ṣé o fẹ́ kí eyín àwọn èèyàn máa dúdú títí di Kérésìmesì ni?"

"Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó bú mi."

Odet tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò, ó sì ti ìgò Malbec sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyá rẹ lo jọ. Olórí kunkun."

Wọ́n fi funfun ẹyin sọ wáìnì náà di mímọ́ gaara, pupa ẹyin di àkàrà òyìnbó tí wọ́n jẹ títí tó fi sú wọn. Wọ́n jẹ́ kó dàgbà nínú àgbá, wọ́n wá rọ ọ́ sínú ìgò. Ìgbà tí Maylis rí ìwé tí bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà, ó sunkún. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ látayébáyé ni "Capdevert." Odet ti ní kí wọ́n fi "àti Ọmọbìnrin Rẹ̀" kún un, láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí ìwé yẹn ni Maylis ṣe fẹ́ kí ọtí náà jáde dáadáa. Oníṣòwò kan láti Libourne tó máa ń kó ìdajì wáìnì ilé wọn ti ṣíwọ́ wíwá láti ìgbà pípẹ́, kò sì ṣàlàyé kankan. Odet ní ayé ló bàjẹ́, ní omi ṣúgà làwọn èèyàn ìsinsìnyí ń pè ní wáìnì. Àwọn aládùúgbò nìkan ló kù, àwọn tó ti ń mu ún látìgbà tí wọ́n ti lè gbé gíláàsì. Maylis wá pe àwọn onílé oúnjẹ mélòó kan láti Bordeaux síbi ọjọ́ ìtọ́wò tí wọ́n máa fi gbé àdàpọ̀ tuntun náà jáde. Ó sọ fún wọn pé wọn ò tíì mu irú ẹ̀ rí.

Ó ku díẹ̀ kọ́jọ́ náà pé ni àǹtí rẹ̀ tó ń gbé létí òkun ní Arcachon ṣubú, tó fi ọwọ́ dá. Maylis lọ tọ́jú rẹ̀. Ó ń wẹ àǹtí, ó ń se oúnjẹ, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ wọlé látàárọ̀ dalẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tí ọjọ́ ìtọ́wò ku ọ̀la ló padà sílé. Ó ṣílẹ̀kùn ilé àgbá pé kóun mú ìgò kan wá sídìí oúnjẹ.

Òórùn náà gbá a lójú.

Ó sáré mú ìgò náà jáde lọ sáàárín ọgbà àjàrà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ṣí i níbẹ̀, ó sì rọ díẹ̀ sínú gíláàsì. Ìwé tí òjò pa. Ó tọ́ ọ wò. Malbec tó jà fún, Cabernet tó yàn fúnra rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà lábẹ́ ìwé tútù yẹn bí ẹni tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò lórí. Tó bá dákẹ́, àwọn ará Bordeaux máa gbóòórùn rẹ̀ lọ́la kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu, orúkọ òun àti ti bàbá òun sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá sì sọ̀rọ̀, ohun tó máa sọ fún bàbá ni pé wáìnì tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣe ń rùn.

Ó bá Ghislain nídìí tábìlì pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe ni Ghislain jẹ́ fún Odet, iṣẹ́ káfíńtà ló sì ń ṣe. Ó ti kó tábìlì ọ̀la wá, ó kó ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ tí wọ́n máa fi sun ẹran wá, ó sì ti bá oúnjẹ pàdé bó ṣe máa ń bá a pàdé nígbà gbogbo. Odet ti mu ọbẹ̀ kábéèjì rẹ̀ kù díẹ̀, ó rọ wáìnì sí ìyókù bí àwọn àgbà ìlú wọn ṣe máa ń ṣe, ó gbé àwo náà sókè, ó sì dà á sọ́fun.

"Àdàpọ̀ yìí lágbára o," Ghislain ní, ó pọ́n ètè lá. "Odet, bí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, tí wọ́n jù mí sáàárín ọgọ́rùn-ún àgbá, imú mi á mú mi dé ọ̀dọ̀ tìẹ. Òórùn ilé Capdevert ò ṣeé ṣì mọ̀!"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn," Odet dáhùn, orí rẹ̀ ti wú.

Maylis ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Pàpá, ẹ jọ̀ọ́, a ò lè gbé wáìnì yìí jáde lọ́la."

Odet rò pé àwàdà ni. "Ṣé àwọn ará Bordeaux rẹ ò wá mọ́ ni?"

"Wọ́n ń bọ̀. Wáìnì ló ń rùn. Ilé àgbá ń rùn, bóyá látara àwọn igi àjà yẹn, wáìnì náà sì ń rùn. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí mo dé láti Lyon, mi ò sọ. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Nísinsìnyí tí mo ti Arcachon dé, mo tún gbọ́ ọ."

Ghislain bú sẹ́rìn-ín. "Ẹja lo lọ gbóòórùn, ọmọ wa! Imú òkun lo gbé dé."

Odet ò rẹ́rìn-ín. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n. "Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ wáìnì wò? Àbí èmi kọ́? O jókòó sídìí tábìlì yìí, o pò ó, o mu ún, o ní ó dáa. Orúkọ ẹ wà lára ìgò! Òórùn kí ni?"

"Òórùn ìwé, Pàpá. Bí ìwé tí òjò pa, tí wọ́n wá kó sínú àpótí láì sá a."

Ojú Odet yí padà. Ibínú tó wà níbẹ̀ sá lọ, ohun mìíràn sì gba ipò rẹ̀ tí Maylis ò rí lójú bàbá rẹ̀ rí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ta ló sọ kí ni?"

"Àpótí. Ìwé inú àpótí. Ta ló fi sí ẹ lẹ́nu?"

"Kò sẹ́ni tó fi sí mi lẹ́nu. Bó ṣe ń rùn nìyẹn."

Odet mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì wọ yàrá lọ láì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀. Ghislain wo Maylis, kò rí àwàdà kankan ṣe mọ́, ó bá gbé fìlà rẹ̀.

Oorun tí Maylis sùn kò tó nǹkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún lọ fi imú lé ẹnu ìgò, ẹ̀rù sì bà á, nítorí òórùn náà ti ń ṣá. Ilé yìí ti tún ń kun imú rẹ̀ lóorun. Ó mọ̀ pé tóun bá fi lè lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i níbẹ̀, òun á tún búra pé kò sí nǹkan kan.

Àwọn èèyàn ti ń dé sí géètì. Àwọn aládùúgbò mú gíláàsì tiwọn dání bí ìṣe wọn, àwọn ará Bordeaux sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn nínú bàtà tó mọ́ jù fún ilẹ̀ náà. Maylis kò tíì mọ ohun tó máa sọ fún wọn nígbà tí Odet ti inú ilé jáde. Ó ti wọ kóòtù ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Ó rìn dé géètì, kò ṣí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹ máa bínú," ó ní. "Wáìnì ò jáde lọ́dún yìí. Ó ní àbùkù. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ mi."

Ariwo ta. Ghislain ló pariwo jù. "Àbùkù wo? Odet, wáìnì yìí la ti ń mu látọjọ́ tá a ti dáyé!"

"Ẹ ti ń mu ún látọjọ́ tí ẹ ti dáyé," Odet dáhùn. "Ìyẹn náà ni mo ń sọ."

Obìnrin kan nínú àwọn ará Bordeaux tẹrí ba fún un díẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì lọ. Àwọn aládùúgbò pẹ́ kí wọ́n tó tú ká. Àwọn kan ń bínú, bí ẹni tí wọ́n bú oúnjẹ ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Maylis wá bàbá rẹ̀ lọ, inú ilé àgbá ló ti bá a. Ó jókòó sórí àpótí kan láàárín àwọn àgbá, ó gbé imú sókè, ó sì ń mí sínú, ó ń mí sínú, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù sínú òkùnkùn.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní. "Ilé wa ni mò ń gbọ́." Ó na ọ̀pá sí ibi tí Maylis dúró sí. "Ìyá rẹ sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tá a ṣègbéyàwó ni. Ó dúró níbi tó o dúró sí yẹn, ó ní, Odet, ìwé tí òjò pa wà níbí, ìwé inú àpótí. Mo ní kí ó padà sí ilé ìdáná, ní kò sí obìnrin tó máa ti ìta wá kọ́ mi ní wáìnì bàbá mi. Kò sọ ọ́ mọ́ láéláé. Lọ́dọọdún ni mo ń gbé àdàpọ̀ tuntun fún un, á tọ́ ọ wò, á ní ó dáa. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mi ò ní mọ̀ mọ́. Bóyá imú Régine ìyá rẹ sùn bí ti gbogbo wa, tàbí ó ń gbọ́ ọ títí tó fi kú, tó kàn ń bẹ̀rù mi."

Maylis kúnlẹ̀ tì í.

"Ìwọ ńkọ́?" bàbá bi í. "Lọ́jọ́ tó o dé. Ṣé ẹ̀rù mi bà ọ́?"

"Rárá, Pàpá. Inú yín ń dùn ni."

Odet gbọ́ ọ. Ó gbé ojú sókè sí àwọn igi dúdú tí bàbá rẹ̀ gbé síbẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Maylis kó fa òun dìde.

"Lọ pe Ghislain fún mi," ó ní. "Sọ fún un pé kó mú ayùn bọ̀."