Ẹni Tó Wọ Omi

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Ràmọ́nì ò tilẹ̀ tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìdínlógún péré ni.

Ahunṣọ òkè ni Ràmọ́nì, ní Ìsẹ́yìn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ rárá. Ìyàwó rẹ̀, Tàwàkálítù, ọmọ apẹja etí odò Ògùn, ló mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí irọ́ náà bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta kan, Rùkáyàt, já sínú adágún orí òkè. Tàwàkálítù bọ́ ìró, ó ṣí ìborùn, ó bẹ́ sómi, ó sì gbé ọmọ jáde. Ràmọ́nì dúró létí omi, ó di ìró mú. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń gun òkè bọ̀, ẹ̀rù bà á pé wọn á ní ìyàwó òun bọ́ra sílẹ̀ níta gbangba. Ó yára fi ìró bò ó, ó bu omi sára òun náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo wọ omi." Tàwàkálítù wolẹ̀, ó ń wé ìró mọ́ra.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, à bá ní ó bo ìyàwó rẹ̀ láṣìírí ni. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Olómi, orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ó sì ń jẹ́ ẹ káàkiri ìlú.

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ ṣètò ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lórí adágún náà. Wọ́n ní Bàbá Olómi ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀ dé ìdí kẹ̀ẹ́gì tó léfòó láàárín omi. Rùkáyàt, tó ti di olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ n'Íbàdàn, ló wá kúnlẹ̀ fún un.

"Bàbá, nítorí yín ni mo ṣe kọ́ ọ."

Ràmọ́nì fi ọwọ́ di orúnkún mú.

"Orúnkún ń dùn mí," ló wí.

"Omi lòògùn rẹ̀!" ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo àpáta. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ó wọ omi.

Omi dé orúnkún, ó dé àyà. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àfi bí àpáta abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tán lójijì. Ó mu omi yó kó tó gbọ́ tí nǹkan já bọ́ sómi gbì, tọwọ́ kan sì gbá a lábíyá mú. Tàwàkálítù ni, tòun ti híjáàbù, tòun ti ìró.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n fi táwẹ̀lì bo Ràmọ́nì. Rùkáyàt ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, Tàwàkálítù ti ní, "Iṣan ló fà wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ má mikàn."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Olómi!" ni gbogbo èrò wí.

Kí Ràmọ́nì ṣáà dákẹ́ ni, ó bùṣe. Ṣùgbọ́n ó rí obìnrin náà tó ń gbọ̀n lórí àpáta, tí omi ń kán létè tó fi purọ́ nítorí rẹ̀, tí ẹnì kankan ò sì kí i ní pẹ̀lẹ́. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

"Kì í ṣe iṣan," ló wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rí. Ìyàwó mi, Ìyá Fàòsíyà, ló gbé ọ jáde lọ́jọ́ náà, Rùkáyàt. Èmi kàn bu omi sára ni."

Rùkáyàt dìde nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ká táwẹ̀lì kúrò léjìká Ràmọ́nì, ó lọ fi bo Tàwàkálítù, ó sì kúnlẹ̀.

Ràmọ́nì jókòó síbẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i ní pẹ̀lẹ́.