Àbúdù Ajórin àti Ìrọ̀rí Tó Ń Gbọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí Àbúdù ṣe le tó, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn géètì irin tó jó sí Kétu. Ó pẹ́ tó ti ń jó irin ní Owódé Onírin kí ẹ̀yìn ríro tó lé e nídìí iṣẹ́. Ní báyìí, iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe níbẹ̀, ó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó kọ́ níṣẹ́ rí, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń dùn ún ni ọ̀rọ̀ Hàlímátù, ìyàwó rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti di pátápátá. Létí odò ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, odò kún lóru nígbà tí Àbúdù wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò gbá ilẹ̀kùn títí, Hàlímátù ò gbọ́. Ìgbà tí omi kàn án lára lórí bẹ́ẹ̀dì ló tó jí. Nusirat, ọmọ wọn, wá fárí gá: òjò ọdún yìí ò ní bá ìyá òun níbẹ̀. Tó bá di Sátidé, òun á wá mú un lọ sí Ọjọ́ta, sínú yàrá kan ṣoṣo tí kò lè gba bàbá mọ́ wọn.

"Tí mo bá ṣe ohun tó máa jí i ńkọ́?" Àbúdù béèrè.

"Daddy, tó bá ṣiṣẹ́ lójú mi, màá fi Mummy sílẹ̀ fún yín."

Títú rédíò palẹ̀ ni eré ọwọ́dilẹ̀ Àbúdù láti ìgbà èwe. Ó ra bọ́ọ̀dù kékeré kan, irú èyí tó ń wà nínú rédíò, àtàwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́wọ́ Kúnbi tó ń tún fóònù ṣe. Wáyà méjì á wà nísàlẹ̀ ògiri. Tí omi bá kàn wọ́n, mọ́tò kékeré bí èyí tó ń mú fóònù gbọ̀n á mi ìrọ̀rí Hàlímátù. Iṣẹ́ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, lójú ẹni tó ń fẹnu sọ ọ́.

Àṣé bí ajórin lọkùnrin yìí ṣe máa di áyọ̀n oníná tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù mú. Ó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, òjé tí wọ́n fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, sẹ́nu áyọ̀n, ó ń kán an sílẹ̀ bí ẹni ń dí ihò géètì. Lẹ́ẹ̀dì tí kò yẹ kó ju hóró ìrẹsì lọ di kókó inú ẹ̀bà, ó so ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀yà bọ́ọ̀dù tí kò yẹ kó kanra pọ̀. Bó ṣe fi bátìrì sí i, èéfín sọ.

Hàlímátù fọwọ́ bo imú. "Bàbá Nusirat, ṣé odò ló máa pa mí ni àbí iná?"

Nígbà tí Kúnbi rí bọ́ọ̀dù náà, ẹ̀rín pa á. "Daddy, géètì kọ́ lẹ ń jó o! Lead yìí ti too much. Ẹsẹ̀ yẹn àti bàbà ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ heat, kẹ́ ẹ wá fi lead kàn án. Á yọ́ wọlé fúnra ẹ̀. Ṣé kí n bá yín ṣe é?"

Ẹ̀rín náà dun Àbúdù wọra. "Rárá. Ìyàwó mi ló máa gbórí lé e. Èmi ni màá ṣe é."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó fi bàbà inú wáyà fa lẹ́ẹ̀dì àpọ̀jù kúrò díẹ̀díẹ̀. Níbì kan, áyọ̀n pẹ́ jù, ọ̀nà bàbà tó wà lára bọ́ọ̀dù ṣí kúrò. Ó pòṣé, ó wá rántí pé ajórin ṣáà lòun: ibi tí irin bá ti já, irin ni wọ́n fi ń so ó. Ó gé wáyà tín-ínrín, ó fi dí àlàfo náà. Lọ́sàn-án Jímọ̀ tó kù díẹ̀ kó parí, iná ìjọba ò lágbára, fáànù ń yí bí ẹni tó ń tòògbé. Àbúdù ò dúró, ó fi áyọ̀n tí kò gbóná dáadáa jó ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ní Sátidé, Hàlímátù ń sun oorun ọ̀sán lórí ìrọ̀rí náà nígbà tí Nusirat dé. Ó di ẹrù ìyá rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá bu omi sínú abọ́ tí Àbúdù ti ki wáyà méjèèjì sí láti fi dán an wò.

Ìrọ̀rí ò mira.

"Daddy, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí òjò tó dé."

Àbúdù ní, "Jókòó."

Ó da omi inú abọ́ nù, ó yí bọ́ọ̀dù padà, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì ń dán, àfi ti àná tó ṣú bí eérú. Ó ki áyọ̀n bọ iná, ó dúró kó gbóná dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú. Ó fẹnu áyọ̀n ti ẹsẹ̀ náà àti bàbà ìdí rẹ̀, ó mí, ó fi lẹ́ẹ̀dì tọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀dì yọ́, ó wọlé, ó dán.

"Tún bu omi sí i."

Ìrọ̀rí gbọ̀n rìrì. Hàlímátù ta gìrì dìde. "Omi o!" Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ kan gbé báàgì ilẹ̀ yẹn, ó jù ú sórí wọ́dúróòbù, ó sì da bàtà ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ló tó yíjú, tó rí ọkọ àtọmọ pẹ̀lú abọ́ omi, tí omijé ń bọ́ lójú Àbúdù.

Nusirat gbójú sókè wo báàgì náà, kò nawọ́ sí i. Orí wọ́dúróòbù ló ṣì wà nígbà tó wọ ọkọ̀ padà sí Ọjọ́ta, òun nìkan.