Ẹni Tí Mo Dúró Fún

Iṣẹ́ mi ni kí n dúró. Bí ẹ bá ní ìwé láti gbà ní ọ́fíìsì ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹranko, tí ẹ ò sì lè tètè dé, èmi lẹ máa pè. Màá ti wà lórí ìlà láti ìdájí. Tí oòrùn bá yọ, tí ẹ dé, màá yẹ̀, ẹ ó bọ́ sí ipò mi. Òpó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń fẹ̀yìn ti odi ọgbà náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo kìnnìún inú rẹ̀, èmi ò rí i rí. Wọ́n ní kìnnìún máa ń bú ramúramù. Èyí tí mo mọ̀, ikọ́ ló máa ń wú láàárọ̀, bíi bàbá arúgbó tó ń fa tábà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ mi ti wú láti àná. Ìyá àgbà kan ni mo ń dúró fún. Ọmọ wọn ọkùnrin ló pè mí láti òkèèrè pé ìyá òun ń wọkọ̀ bọ̀ wá gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ọdọọdún ni wọ́n ń béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ àwọn opó tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ọkọ wọn. Òní àti ọ̀la ló kù. Ẹni tí kò bá yọjú, òkú ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni kéèyàn tó jíǹde nínú ìwé wọn.

"Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀," ni ọmọ náà wí. "Mama ò ní fóònù o. Ọwọ́ yín ni mo fi wọ́n sí."

N kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an sí mi. Lọ́jọ́ náà, mi ò béèrè. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ìyá kan dé nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n mú agbòjò dání.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń dúró dè mí?"

"Èmi ni, Mama. Ẹ bọ́ síbí."

Mo yẹ̀. Mo lọ jókòó sórí òkúta kan lábẹ́ igi, mo bọ́ bàtà, mo sì rò pé iṣẹ́ òní ti parí.

Aago mọ́kànlá ń lọ lù nígbà tí ìyá mìíràn yọ níbi igun odi, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, eruku ti bò wọ́n dé orúnkún. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko ni awakọ̀ já wọn sí, wọ́n sì ti yí odi náà po tán kí wọ́n tó rí ọ́fíìsì. Wọ́n ń bi àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Òpó?"

Mo dìde láìtíì wọ bàtà.

"Èmi ni, Mama. Ta ló rán yín sí mi?"

Ọmọ tó pè mí gan-an ni wọ́n dárúkọ.

Ìgbà náà ni ìyá alágbòjò jáde pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga kan tí òun náà máa ń bá èèyàn dúró, tí a ń pè ní Ọ̀pẹ, ké láti àárín ìlà:

"Mama alágbòjò! Inú ibo lẹ ti ń jáde? Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí nítorí yín!"

"Háà!" ni ìyá náà wí. "Mo bi ọmọ yìí, ó ní òun ni."

"Ẹ̀bi yín kọ́, Mama," ni mo sọ. "Èmi ni mi ò béèrè."

Ìyá alágbòjò wo eruku ẹsẹ̀ ìyá kejì, wọ́n ṣí agbòjò, wọ́n sì fà á lé ìyá náà lọ́wọ́. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu mọ́. "Ẹ wá wò ó o, òpó ti wó!"

Èèyàn bí ọgbọ̀n ló wà níwájú wa. Aago méjì ni wọ́n ń ti géètì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òpó," ni awakọ̀ kan lórí ìlà wí, "ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé ìlà ò mọ ẹ̀bẹ̀?"

"Ìlà ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mò ń bẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló yẹ̀ fún wa. Ìkejìlá, obìnrin kan tó gbé àpò ńlá sáàárín ẹsẹ̀, mi orí.

"Èmi náà ní ìyá. Wọ́n dùbúlẹ̀ sílé, wọ́n ń retí mi. Tí mo bá yẹ̀ fún tìẹ, ta ló máa yẹ̀ fún tèmi?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ la dúró sí.

"Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?" ni Mama wí, wọ́n ń nu ojú. "Òkú a máa làágùn báyìí?"

Nígbà tó di aago méjì, obìnrin alápò wọlé, ẹ̀ṣọ́ sì ti géètì lẹ́yìn rẹ̀. "Ó tán! Ó di ọ̀la!"

Mo pe ọmọ wọn, mo ṣàlàyé. Ó jágbe mọ́ mi débi pé Mama gbọ́, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Dákẹ́ ariwo. Ó ti rẹ òun náà."

Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí. Mo mú wọn lọ sílé mi, yàrá kan ní àjà kẹta, ẹ̀ẹ̀mejì la sì sinmi ká tó gun àtẹ̀gùn náà dé òkè. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi láìjẹun. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báfù, mo da iyọ̀ sí i, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Oníbàárà mi kan ni, ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀la ò ṣeé ṣe," ni mo sọ. "Mo ti ní ẹni tí mo ń dúró fún."

"Màá san ìlọ́po méjì ohun tó san."

"Kò san nǹkan kan."

"Òpó, ṣé kò sí nǹkan o?"

Mo pa fóònù. Mo rò pé Mama ti sùn.

"Aago mélòó la máa jáde?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ sinmi, Mama. Màá ṣíwájú, ẹ ó wá bá mi."

"Mi ò ní wá bá ẹnikẹ́ni mọ́. A jọ máa lọ dúró ni."

Mi ò lágbára àríyànjiyàn. Mo gbé báfù náà sún mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Omi yìí ti ń tutù," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ẹsẹ̀ wọn.